Eyín Mẹ́ta sí Ọwọ́ Àlàáfíà

Ọkọ mi Sẹ̀tọ́njí kì í pe oníṣẹ́. Bí omi bá ń jò nílé, òun ló máa dí i. Bí jẹnẹrétọ̀ bá dákẹ́, òun ló máa tú u palẹ̀ sórí páálí, á nù ún níkọ̀ọ̀kan, á sì tún un tò padà. Irun orí àwọn ọmọ wa, Tiwa àti àwọn àbúrò rẹ̀, òun ló ń gẹ̀ ẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ ń sunkún pé wọ́n á fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ níléèwé. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní ọjà Agbalata, ó ń ta páìpù, táàpù omi, ìṣó àti sípánà, mo sì rò pé ohun tó bà á jẹ́ nìyẹn: ẹni tó bá ń ta irinṣẹ́ á máa rò pé kò sí iṣẹ́ tí òun ò lè ṣe. Mo ti bú u títí lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí èmi ọmọ Àwórì kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ẹ̀rín ló máa ń rín, á ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, gbogbo ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe ló dára. Ẹyọ kan ló bàjẹ́, òun ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ Gùn ni, àwọn tí Yorùbá ń pè ní Ègùn. Èdè Gùn ló fi ń lálàá, òun ló fi ń bínú, òun náà ló fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọjà ló ti kọ́ Yorùbá, tèmi wá kún un nígbà tó fẹ́ mi. Ó gbọ́ ọ dáadáa, àfi bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ọ̀rọ̀. Nígbà náà, á máa mi orí bí ẹni tó yé, nítorí ojú máa ń tì í láti béèrè.

Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Aradagun. Màmá ṣubú nílé ìwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, láti ìgbà náà kò lè jókòó mọ́, ìdùbúlẹ̀ ló ń wà. Nínú gbogbo ọmọ ìyá wọn, òun àti àbúrò rẹ̀ kan ló kù, obìnrin ni, Àjàṣẹ́ ló ń gbé, lódìkejì ẹnubodè. Tàńtí Sẹ̀námì ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí Màmá ṣì ń ra ẹja kiri etí òkun, Tàńtí yìí ló pọn Sẹ̀tọ́njí, òun ló fún un lóúnjẹ, òun ló mú un lọ síléèwé. Ọkọ mi máa ń sọ pé ìyá méjì lòun ní, ọ̀kan bí òun, ọ̀kan tọ́ òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Máútín ọmọ Tàńtí pè wá. Ó ní rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyá òun, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti kú, ohùn rẹ̀ ti lọ, dókítà sì ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣílẹ̀kùn, á yí ojú síbẹ̀, bó bá sì rí i pé kì í ṣe ẹni tí òun ń retí, á yí i padà sí ara ògiri. Ta ni ò mọ ẹni tó ń retí? A ní kí Máútín gbé fóònù sí i létí. Màmá pe orúkọ rẹ̀ títí, èémí nìkan ni a gbọ́ lódìkejì. Màmá gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Fóònù kọ́ ló ń fẹ́. Ẹ gbé mi lọ, kó fọwọ́ kàn mí."

Ẹ lè ní ṣé kò sí ọkọ̀ èrò ni. Ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ bí iyanrìn. Àmọ́ bí awakọ̀ bá ti gbọ́ pé arúgbó tó wà ní ìdùbúlẹ̀ la fẹ́ gbé sọdá ẹnubodè, á ní kí á máà bínú. Láti ọ̀dọ̀ wa dé Sẹ̀mẹ̀, àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró ò lóǹkà, ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù, ìmígíréṣọ̀n, àti àwọn tí kò wọ aṣọ kankan tí èèyàn fi lè mọ̀ wọ́n. Bí arúgbó bá kú sínú ọkọ̀ láàárín wọn, ta ló máa gba awakọ̀ sílẹ̀? Mi ò lè bá wọn wí.

Ọkọ̀ tiwa ló wá kù, Hóńdà tí wọ́n ń pè ní Béébì Bọ́ì. Bí Màmá bá ká ẹsẹ̀ kò díẹ̀, àga ẹ̀yìn rẹ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀. Àlàájì Abdulrasaq, mẹkáníìkì wa ní Morogbo, ti ṣí ìdérí rẹ̀ lójú wa ṣáájú, ó fi ìka tẹ táímìn bẹ́líìtì rẹ̀, ó sì mirí. Bẹ́líìtì náà ti sán, ọ́ìlì ti rin ín gbingbin. Ó ṣàlàyé fún wa pé bẹ́líìtì eléyín yìí ló so ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì pọ̀ mọ́ òkè, òun ni kì í jẹ́ kí písítìnì tó ń fò sókè pàdé fáàfù tó ń sọ̀ kalẹ̀. Bó bá já, tàbí tó fo eyín, irin á kọlu irin, ẹ́ńjìnì á sì kú. Sẹ̀tọ́njí ra bẹ́líìtì tuntun, ó fi í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n dá ọjọ́. Kí ọjọ́ tó pé, ìyá Àlàájì kú ní Ìsẹ́yìn, òun náà sì lọ síbẹ̀ ṣe fìdáù, àdúrà òkú.

Ọ̀rọ̀ wá di àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Gbogbo ìsọ̀ mẹkáníìkì ló wà ní títì. Mẹkáníìkì kan tí a bá nílé ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ká gbé ọkọ̀ wá ní ọjọ́ Ajé. Mo sọ fún ọkọ mi pé, "Bàbá Tiwa, ẹ jẹ́ ká máa lọ bẹ́ẹ̀. Bẹ́líìtì tó ti ń gbé wa lọ sọ́jà láti ọjọ́ yìí, ṣé òní ló máa já?"

Ó ní, "Bó bá já lójú ọ̀nà ńkọ́, tí Màmá wà nínú oòrùn, tí kò sẹ́ni tó máa gbà á? Mi ò lè gbé ìyá mi sọ sójú títì."

Mo gbà, nítorí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ohun tó ń dùn mí dòní nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ìwà òmùgọ̀ ló hù lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá rí nǹkan bú.

Ó pe Àlàájì ní Ìsẹ́yìn. Àlàájì kọ́kọ́ kọ̀, ó ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹni tí kò ṣe é rí. Nígbà tó gbọ́ ìdí rẹ̀, ó ní òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá òun ni, kò yẹ kí ohunkóhun dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àtirí ẹni rẹ̀. Ó ní kí Sẹ̀tọ́njí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó má sì jìnnà sí fóònù.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lábẹ́ igi àgbọn iwájú ilé wa. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó yọ táyà iwájú kan, ó tú àwọn ìdérí. Mo ti wẹ̀ fún Màmá láti ìdájí, mo fi àtíkè ra ọrùn rẹ̀, mo wé gèlè fún un, a sì tẹ́ ẹ síbi fèrèsé pálọ̀ kó lè máa wo ọmọ rẹ̀. Ó kọ̀ kí n tú gèlè náà. Lóòrèkóòrè ló ń béèrè ní èdè Gùn bóyá ó ti tó ìgbà tí àwọn máa lọ. Sẹ̀tọ́njí á ní ó kù díẹ̀.

Nọ́ọ̀tì ńlá kan wà tó di púlì ìsàlẹ̀ mú, ìyẹn kẹ̀kẹ́ irin tí bẹ́líìtì ń yí lé lórí, nọ́ọ̀tì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó fà á títí iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Sípánà yọ̀, ó họ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí iyanrìn. Ó gbé páìpù irin gígùn kan jáde lára ọjà rẹ̀, ó ki ìdí sípánà bọ inú rẹ̀, ó sì gun orí rẹ̀. Àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń kí i kú iṣẹ́, kò dá wọn lóhùn. Mo rí omijé lójú rẹ̀, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tí nọ́ọ̀tì náà dún tí ó sì yọ̀ǹda, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Àlàájì ti ní kó tó yọ bẹ́líìtì àtijọ́, kí ó mú àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ bára mu, kí ó sì kùn wọ́n kí ojú má baà tàn án. Kútẹ́ẹ̀sì mi ló gbà, èyí tó pupa, ló fi kùn wọ́n. Ó yọ ti àtijọ́, ó fi tuntun sí i, eyín wọnú eyín. Mo bá a wò ó, àmì wà lójú àmì. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní kí n sáré lọ ra pámpásì àgbàlagbà àti omi tí Màmá máa lò lọ́nà. Mo lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, ẹ̀yìn náà ni mo tó gbọ́ ọ. Ó ku iṣẹ́ kan. Irin kékeré kan wà tó máa ń fa bẹ́líìtì yẹn le. A óò tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀, a óò fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnì títí eyín mẹ́ta á fi kọjá lára púlì òkè, irin náà á fa bẹ́líìtì le fúnra rẹ̀, nígbà náà la óò dì í pa. Bí a bá yí i gba ọ̀nà tó yẹ, bẹ́líìtì á le. Bí a bá yí i gba òdìkejì, á dẹ̀ níbi tí kò yẹ kó ti dẹ̀, ojú ò sì ní rí i. Ariwo àwọn tó ń ṣàdúrà pọ̀ lẹ́yìn Àlàájì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Ó ní, "Gbọ́ mi dáadáa o, Sẹ̀tọ́njí. Hóńdà yìí ní bó ṣe ń yí. Ọwọ́ àlàáfíà ni kó o yí i sí. Eyín mẹ́ta."

Sẹ̀tọ́njí tún un sọ sókè kó lè dá a lójú: "Ọwọ́ àlàáfíà, eyín mẹ́ta. Mo ti gbọ́, sà."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sọ́dọ̀ arúgbó mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà kan wà tí wọn kì í dárúkọ ọwọ́ òsì. Òsì ti sún mọ́ òṣì jù létí wọn, wọn ò fẹ́ fi ẹnu ara wọn pe ìṣẹ́ sórí ohun tí wọ́n ń ṣe, pàápàá lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣàdúrà fún òkú ìyá wọn. Ọwọ́ àlàáfíà ni wọ́n máa ń pè é. Àlàájì kò pe òsì ní òsì rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ilé mi, òsì là ń pè é, nítorí mi ò rí ìdí tí èèyàn ṣe máa bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ẹnu. Yorùbá tèmi yìí ni ọkọ mi gbọ́.

Kò béèrè. Kò tilẹ̀ rí ohun tó yẹ kó béèrè. Ní èdè tirẹ̀, adusi ni ọ̀tún, amiyọn ni òsì, kò sí àlàáfíà níbẹ̀. Ọwọ́ wo la fi ń kí èèyàn? Ọwọ́ wo la fi ń gba ẹ̀bùn, tí a fi ń jẹun? Adusi ni. Ó yí ẹ́ńjìnì sí ọ̀tún, eyín mẹ́ta, ó sì di nọ́ọ̀tì pa. Bí Àlàájì ṣe ti pa á láṣẹ, ó tún fi ọwọ́ yí i ní odindi àyípo kan kó lè yẹ àmì wò, ọ̀tún náà ló tún yí i sí. Àmì bára mu, nítorí apá ibi tó dẹ̀ kò tíì ríṣẹ́ ṣe.

Nígbà tí mo dé, ó ti dá gbogbo ìdérí àti táyà padà síbi wọn, ó ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo máa ń rántí. Démọ́lá aládùúgbò wa bá wa gbé Màmá, a rọra tẹ́ ẹ sórí àga ẹ̀yìn, mo fi ìrọ̀rí tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń súre fún ọmọ rẹ̀ ní èdè Gùn. Sẹ̀tọ́njí wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ́ńjìnì dún. Kò ju kí èèyàn mí èémí kan lọ. Lẹ́yìn náà, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í lu nǹkan nínú rẹ̀ kíkankíkan, ó sì dákẹ́. Ó tún yí kọ́kọ́rọ́, ó ń yí lásán, kò sí agbára kankan níbẹ̀ mọ́. Màmá béèrè lẹ́yìn ọkọ̀ bóyá a ti gbéra.

Sẹ̀tọ́njí bọ́ sílẹ̀, ó ń wá fóònù.

Ó pe Àlàájì títí ìpè fi wọlé. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Àlàájì bi í pé ọwọ́ wo ló yí i sí. Ó ní ọ̀tún. Àlàájì ní, "Ọ̀tún kẹ̀? Ọwọ́ àlàáfíà ni mo pè fún ọ." Sẹ̀tọ́njí ní ọ̀tún náà kọ́ ni?  Àlàájì rọra sọ pé, "Òsì ni, Sẹ̀tọ́njí. Òsì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Kò bú u. Ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sọ pé ẹ̀bi òun ni, ọkọ mi ò sì gbọ́ mọ́. Ó ti gbé fóònù sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

 Mo fẹ́ bú u, mi ò mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni kí n bú? Àlàájì tó ń sá fún òṣì ni, àbí èmi tí mi ò kọ́ ọ ní gbogbo Yorùbá? Mo wọ inú ilé lọ, mo sunkún, mo sì jáde.

Nígbà tí mo jáde, ó ti sáré lọ sí ojú títì láti wá ọkọ̀. Démọ́lá tí ó tẹ̀ lé e ló ròyìn fún mi. Ó ní ọkọ mi ń dá gbogbo bọ́ọ̀sì dúró, ó ń fi èdè Gùn àti Yorùbá àti Faransé bẹ̀ wọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀ sójú títì fún awakọ̀ kan tí kò tó àbúrò rẹ̀. Ọ̀kan gbà, ó tẹ̀ lé e wá sílé, ó yọjú wo Màmá nínú ọkọ̀, ó rí bó ṣe rí, ó sì sọ pé ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, kí á dárí ji òun. Sẹ̀tọ́njí ò tilẹ̀ wò ó nígbà tó ń lọ. Ó ti tún yí padà sí ojú títì.

Màmá ò jẹ́ kí a gbé òun kúrò nínú ọkọ̀. Ó ní bí wọ́n bá gbé òun wọlé, òun mọ̀ pé òun ò ní í jáde mọ́. A ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ fún un kí atẹ́gùn máa wọlé. Mo jókòó tì í, mo ń fẹ́ ẹ. Oòrùn ń lọ sísàlẹ̀. Ó wá bi mí pé kí ló bàjẹ́ gan-an, mo sì ṣàlàyé fún un, òsì àti ọ̀tún àti ọwọ́ àlàáfíà.

 Ó ní, "Mo gbọ́ ọ nígbà tó ń tún un sọ. Mo wà níbi fèrèsé. Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn, Ìyá Tiwa, àwọn Yorùbá ẹlẹ́ja máa ń pè é bẹ́ẹ̀ fún mi ní Agbalata. Mo rò pé òun náà mọ̀ ọ́n ni."

 Mo ń fẹ́ ẹ lọ.

Fóònù mi dún lẹ́yìn náà. Máútín ni. Màmá na ọwọ́, mo gbé e fún un. Kò pariwo. Ó ń gbọ́, ó ń dáhùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Gùn tí mo gbọ́ tó fún mi láti mọ̀ pé Tàńtí ti kú, pé kò tíì pẹ́ rárá, pé ẹnì kan ló ṣílẹ̀kùn láti gbé omi wọlé, ó yí ojú síbẹ̀, kò sì yí i padà mọ́.

Màmá pa ojú rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fún Máútín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń rán ọmọdé níṣẹ́. Ó ní òru àná ni Tàńtí kú. Ó ní kí ó jẹ́ òru àná, lẹ́yìn tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní kí Máútín pe gbogbo ará ilé jọ kí a tó dé, kí ó sọ ọ́ fún wọn, tọmọdé tàgbà. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, kí wọ́n ní àwọn fi í pamọ́ fún òun ni, nítorí a kì í túfọ̀ fún arúgbó lójijì. Máútín ń sọ nǹkan lódìkejì. Màmá ní, "Ọmọ mi ló ń bẹ láàyè. Òun ni kí a ṣètọ́jú." Ó dá fóònù padà fún mi, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

A ò tíì nu ojú wa tán nígbà tí bọ́ọ̀sì kan yà wọ ọ̀nà wa. Akínlóyè ni, ọkùnrin tó ń gbé yìnyín fún àwọn ẹlẹ́ja, ó ti yọ gbogbo àga inú bọ́ọ̀sì rẹ̀. Sẹ̀tọ́njí ti ń bẹ́ sílẹ̀ kó tó dúró. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kún fún erùpẹ̀. Ó ń pariwo pé òun ti rí ọkọ̀, kí n gbé bẹ́ẹ̀dì wá, kí a tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún Màmá, pé a ó dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Màmá pè é. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì sọ ọ́ fún un.

Ó jókòó sórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀.  Ó bi í pé, "Òru àná? Kí n tó tú nọ́ọ̀tì kankan?"

Màmá ní, "Kí o tó tú nọ́ọ̀tì kankan. Wọ́n ń fi í pamọ́ fún mi ni."

Ó fi orí lé etí àga, ó sì sunkún sókè, ọkùnrin tí mi ò rí ẹkún rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ ń fọwọ́ pa á lórí. Kò wo ojú mi, èmi náà ò wo tirẹ̀.

A lọ. Màmá ní bó bá jẹ́ ojú òkú rẹ̀ nìkan lòun máa rí, òun máa rí i. A tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ṣì tutù fún yìnyín, àwa méjèèjì jókòó sílẹ̀ tì í. Nígbà tí a kọjá ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá wa dúró, Sẹ̀tọ́njí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bí ẹ́ńjìnì òun ò tilẹ̀ bàjẹ́ rárá, bí òun tilẹ̀ yí i síbi tó yẹ, a ò ní bá Tàńtí láàyè. Ó sọ ọ́ fún mi, ó sọ ọ́ fún Akínlóyè, ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ títí a fi dé Sẹ̀mẹ̀, bó bá sì ti sọ ọ́, Màmá á ní bẹ́ẹ̀ ni.